Èsì: "akànkọ̀ ìbílẹ̀ Jámánì" – ta ló bí i, níbo?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka àwọn ìwé yín, mo fẹ́ panu mọ́, ṣùgbọ́n àkójọ ọ̀rọ̀ eré-ìje ọkọ̀ Formula One tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jẹ́ ká tún ibẹ̀ kà:

"Mercedes: akànkọ̀ ìbílẹ̀ Jámánì. Red Bull: akànkọ̀ ìbílẹ̀ Austria."

"Akànkọ̀" ni ẹ̀gbọ́n fi túmọ̀ "constructor", ẹgbẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ìje; "ìbílẹ̀" ni wọ́n fi pe orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ ẹgbẹ́ náà mọ́. Kí n kọ́kọ́ mú kékeré kúrò nílẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí "kan" yẹn, kí ló ń wá níbẹ̀? "Kàn" ni bó bá dá dúró, mo gbà. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti tẹ̀ lé e ńkọ́? Nóà kan ọkọ̀. Wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. "Wà" náà nìyẹn; ta ló ń pe dẹ́rẹ́bà ní "awàkọ̀" nínú yín? Awakọ̀ wà nílẹ̀, akankọ̀ ni kó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn fi kọ́ni ní Yorùbá làwọn fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá mi àgbà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní Yorùbá. Káfíńtà ni wọ́n, bọ́dì bọ́lẹ́kájà ni wọ́n ń kàn ní Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì àti irin ìsàlẹ̀ á ti ìlú òyìnbó dé, Bedford ni orúkọ á máa jẹ́ níwájú, pákó tí èrò jókòó lé àti èyí tí wọ́n kọ "Ìrìnkèrindò" sí lára sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé àwọn "ṣẹ̀dá" mọ́tò. (Ẹni tó dábàá "aṣẹ̀dá-ọkọ̀" níjẹta, ẹ dákun, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ọlọ́run.) Wọ́n kàn án ni. Ọ̀rọ̀ yẹn sì bá eré-ìje mu gan-an, torí ẹni tó ni bọ́dì ni wọ́n ń pè ní akankọ̀ níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. McLaren ló gba ife àwọn akankọ̀ ní 2024, ẹ́ńjìnnì Mercedes ló sì wà nínú ọkọ̀ wọn.

Ó wá ku "ìbílẹ̀", èyí tó dùn mí jù. "Bí" ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi! Bí, bí ìyá ṣe ń bímọ. Ta ló bí Mercedes yìí sí Jámánì? Ní Brackley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń wá láti Brixworth tí kò jìnnà síbẹ̀. BAR ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ ní 1999, ó di Honda ní 2006, ó di Brawn ní 2009, kí Jámánì tó rà á fún 2010. Ti Red Bull, mi ò ní kà á nínú ìwé: Milton Keynes, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni mò ń gbé, ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ wọn ni bọ́ọ̀sì mi ń gbà. Títí di 2004, Jaguar ni wọ́n ń jẹ́.

Dádì tó kọ̀wé láti Houston fi òwe gbe ẹ̀gbọ́n lẹ́sẹ̀: ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó dáa. Ilé wo? Ẹ wo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìje tó wà ní Enstone, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé àṣẹ ìdíje ti Gẹ̀ẹ́sì ni Benetton, ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ nígbà náà, fi ń sáré, ó gba ti Ítálì ní 1996. Renault dé ní 2002, ó di Faransé. Lotus sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì padà. Ní 2016 Faransé tún gbà á, òun ló di Alpine lónìí. Ìbílẹ̀ mélòó ni ọmọ kan ń ní?

Ẹni tó ní ká lo "orílẹ̀" sún mọ́ ọn díẹ̀. Ọmọ Ìkòyí lè kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìkòyí náà ni. Ṣùgbọ́n a kì í ra orílẹ̀, a kì í sì í tà á.

Láyé ìdíje ọkọ̀ Gordon Bennett, 1900 sí 1905, ǹ bá fara mọ́ "ìbílẹ̀", torí òfin wọn ni pé orílẹ̀-èdè tó fẹ́ díje ni kí wọ́n ti ṣe gbogbo ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀. Látibẹ̀ ni àwọ̀ ọkọ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, búlúù fún Faransé, funfun fún Jámánì, àwọ̀ ewé fún Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1968, ẹgbẹ́ Lotus ìgbà yẹn kun ọkọ̀ tirẹ̀ ní àwọ̀ sìgá Gold Leaf, owó gba ipò àsíá.

Ohun tó kù lónìí ni ìwé. Àjọ eré ọkọ̀ orílẹ̀-èdè kan ló ń fún akankọ̀ ní ìwé, ìwé yẹn ló sì ń pinnu orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n máa kọ fún ẹgbẹ́ tó borí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ti awakọ̀ tán. Ẹ rántí Schumacher, awakọ̀ ọmọ Jámánì, nínú ọkọ̀ Ferrari: orin Jámánì, lẹ́yìn náà ti Ítálì, tó fi mọ́ àwọn ọmọ mi lórí. Ẹ pe Mercedes ní "oníwèé Jámánì", ó parí. Gbogbo àwa tá a wà nílùú ọba la mọ ohun tí ìwé jẹ́. Ẹni tó gba páálí Gẹ̀ẹ́sì kò tìtorí ẹ̀ di ọmọ bíbí Lọ́ńdọ́nù.

 

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ṣoṣo. Ní 1964, Enzo Ferrari, ẹni tó ni ẹgbẹ́ Ferrari, bá àjọ eré ọkọ̀ Ítálì jà, ó bínú. Ọkọ̀ Ferrari tí wọ́n kàn ní Maranello, ní Ítálì, ṣe ìdíje méjì tó kẹ́yìn ọdún náà, ní Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, lórúkọ ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà kan, NART, pẹ̀lú àwọ̀ funfun àti búlúù. Inú rẹ̀ ni John Surtees, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ife àgbáyé. Ìbílẹ̀ ibo lẹ máa kọ síwájú rẹ̀ nínú àkójọ yín?