Kí ló dé tí omi fi ń yà sọ́tọ̀ nínú ìgò ketchup, tí òróró sì ń yà nínú mayonnaise?

Ìyá Ire: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá tẹ ike ketchup, omi pupa ló máa kọ́kọ́ dà sórí oúnjẹ kí ketchup gan-an tó jáde. Mustard náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, mo tún ṣí ìgò mayonnaise, òróró ló léfòó sójú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára gbogbo wọn kò tíì kọjá. Ọkọ mi ní kí n kó wọn dànù, àmọ́ ó ń dùn mí láti da oúnjẹ nù láìmọ ìdí. Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni? Tí wọn ò bá sì bàjẹ́, kí ló ń yà wọ́n?

Màmá Ìbejì: Ẹ dà á nù, arábìnrin mi. Ohun tó bá ti ya omi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ara le ju owó lọ.

Ẹ̀gbọ́n Délé: Màmá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe sọ́ọ̀sì ni mo wà, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó wà nínú ike ketchup ni omi tí fínígà, ṣúgà àti iyọ̀ ti yòrò sínú rẹ̀, tí ara tòmátì tó ti kúnná sì fọ́n káàkiri inú rẹ̀. Ara tòmátì yìí ní fọ́nrán, ó sì ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní pectin. Àwọn méjèèjì ló so kọ́ra tí wọ́n di omi mú bíi kànrìnkànrìn. Bí ike bá ti dúró pẹ́ lójú kan, àwọn fọ́nrán á máa sún mọ́ra, wọn á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi tí wọn ò lè dì mú mọ́ á wá jáde sókè, lẹ́bàá ìdérí, òun ni ẹ sì ń kọ́kọ́ rí. Omi yẹn kì í ṣe omi lásán o. Fínígà, iyọ̀ àti ṣúgà wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ń dà á nù, adùn ketchup lẹ̀ ń dà nù. Ẹ mi ike náà dáadáa, á padà sínú ara rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe se tòmátì náà tún wà níbẹ̀. Tòmátì tútù ní àwọn enzyme, ìyẹn àwọn èròjà àdánidá inú rẹ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú pectin ká ní kété tí wọ́n bá ti fọ́ ọ. Tí wọ́n bá tètè mú un gbóná dé nǹkan bí 90°C, àwọn enzyme yẹn ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, pectin á ṣẹ́kù, ketchup á sì ki. Tí ooru bá pẹ́ kó tó dé, pectin púpọ̀ á ti lọ, omi á máa yà wéréwéré.

Ti pé kó kúnná yẹn náà ò kéré. Láti 1851 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, George Gabriel Stokes, ti ṣàlàyé bí ohun kéékèèké ṣe ń rì nínú omi: tí a bá dín bí hóró kan ṣe tóbi kù sí ìdajì, ìyára tó fi ń rì á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ kúnná gidigidi.

Ti mustard, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èèpo hóró rẹ̀ ní ohun kan tó ń yọ̀, tó máa ń di omi mú, ṣùgbọ́n kì í sábà lè di gbogbo rẹ̀ mú títí lọ.

Àǹtí Ṣọlá: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ketchup tán. Mayonnaise yàtọ̀ pátápátá. Òróró ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó máa ń tó 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ti lù ú di ẹ̀kán kéékèèké, lecithin tó wà nínú pupa ẹyin ló sì bo ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa dà pọ̀. Tí ìbòrí yẹn bá ya, òróró á wá ara rẹ̀ rí, á sì léfòó. Yìnyín ló sábà máa ń ya á. Ìyá Ire, ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn fíríìjì lọ́hùn-ún lẹ gbé e sí?

Ìyá Ire: Àǹtí, ibẹ̀ gan-an ni! Omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà dì.

Àǹtí Ṣọlá: Ó dì nìyẹn. Mímì ò lè tún un ṣe mọ́. Tí òórùn rẹ̀ ò bá yí padà, kò di májèlé, àmọ́ kò ní padà sí bó ṣe wà. Èyí tí ẹ bá tún rà, ẹnu ọ̀nà fíríìjì ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Káyọ̀dé: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, sọ́ọ̀sì ata ni mò ń ṣe tà. Ata á wà nísàlẹ̀, fínígà á wà lókè, àwọn oníbàárà sì ń rò pé mo bomi là á. Kí ni mo lè fi sí i?

Ẹ̀gbọ́n Délé: Àbúrò, tún ata náà lọ̀ kó kúnná sí i ná. Tó bá ṣì ń yà, wá xanthan gum, ìyẹn ìyẹ̀fun kan tó ń mú nǹkan ki. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Xanthomonas campestris ló ń ṣe é jáde, àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ló ṣàwárí rẹ̀ ní ìlú Peoria, wọ́n sì gbà á láyè nínú oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ní 1969. Giráàmù 1 sí 3 ti tó fún kílò sọ́ọ̀sì kan. Kọ́kọ́ pò ó mọ́ iyọ̀ tàbí ṣúgà gbígbẹ, kó o wá máa wọ́n ọn sí i bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dì ní kókó. Tó bá pọ̀ jù, sọ́ọ̀sì á máa yọ̀ lẹ́nu bí ikun, inú oníbàárà ò sì ní dùn sí ìyẹn náà.

Jọ̀ọ́, fi èyí sọ́kàn: xanthan gum kì í dáàbò bo oúnjẹ kó má bàjẹ́. Kíkan fínígà ló ń ṣe ìyẹn. Rí i pé pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn (bó bá ṣe kéré sí ló ṣe kan sí), wà nísàlẹ̀ 4.6 dáadáa, má fojú díwọ̀n ọn, ra ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Màmá Ìbejì: Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun. Báwo la ṣe máa wá mọ èyí tó bàjẹ́ lóòótọ́?

Àǹtí Ṣọlá: Màmá, ẹ wo ìdérí. Tó bá wú, tàbí tí afẹ́fẹ́ tú jáde pẹ̀lú ariwo nígbà tẹ́ ẹ ṣí i, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń hó, tí nǹkan bí òwú hù sójú rẹ̀, tàbí tí òórùn rẹ̀ yí padà, ẹ má tọ́ ọ wò rárá, ẹ dà á nù. Ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n má lá ṣíbí tán kí wọ́n tún tì í bọ ìgò. Enzyme kan wà nínú itọ́ tó ń tú sítáàṣì ká. Sọ́ọ̀sì tí wọ́n fi sítáàṣì mú ki á wá ṣàn bí omi, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló jẹ̀bi.

Ìyá Ire: Háà, àwọn ọmọ mi! Ẹ ṣé gan-an. Ketchup àti mustard ò ní lọ síbì kankan. Ṣé tí mo bá dorí ike ketchup kodò, ó lè ràn mí lọ́wọ́?

Ẹ̀gbọ́n Délé: Á ràn yín lọ́wọ́. Omi á lọ sídìí ike, tó ti wá di òkè báyìí, ketchup ló sì máa wà lẹ́nu. Ẹ ṣáà rí i pé ìdérí rẹ̀ dé dáadáa.