Májèlé ni àbí ebi? Lórí "irúgbìn àdàmọ̀dì" àti "kòkòrò aṣoore"

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé o.

Nínú ìjíròrò wa lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò wọ ìwé atúmọ̀, orúkọ méjì ló wà nílẹ̀ báyìí fún irúgbìn tí àwọn Òyìnbó ń pè ní GMO, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà nílé ìwádìí. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè é ní "irúgbìn àdàmọ̀dì", ẹlòmíràn ní "irúgbìn adáàbòbò-ara-rẹ̀" ló dáa jù. Wọ́n tún ti fi gbólóhùn àpẹẹrẹ kan tì í: "Irúgbìn àdàmọ̀dì ń pa kòkòrò aṣoore", ìyẹn kòkòrò tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. N kò fara mọ́ ìkankan nínú orúkọ méjèèjì. Gbólóhùn yẹn ló tilẹ̀ ń dùn mí jù.

Epo àdàmọ̀dì, oògùn àdàmọ̀dì: ayédèrú ni, ẹni tó ń tà á ń lu jìbìtì ni. Ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR ní Zaria ṣe, tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019, kì í ṣe ayédèrú ẹ̀wà. Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ ẹ́ ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀ kọ́ ni yóò bá a dájọ́. "Adáàbòbò-ara-rẹ̀" náà ń dájọ́, ẹni tó ń ta irúgbìn ló ń gbè. Irọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀: Maruca, kòkòrò tó ń jẹ òdòdó ẹ̀wà tó sì ń wọnú èso rẹ̀, ni jíìnì (ohun tó ń gbé àbùdá) Cry1Ab inú ẹ̀wà yẹn wà fún. Àwọn kòkòrò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó ń fa omi ara ewé kò kà á sí.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i gan-an ni ká fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n yá jíìnì lára bakitéríà inú ilẹ̀ kan, Bacillus thuringiensis (Bt ni ìkékúrú rẹ̀), wọ́n fi sínú ẹ̀wà. A ti ní "ọ̀rọ̀ àyálò" nínú gírámà wa. Ẹ jẹ́ ká ní "irúgbìn alábùdá-àyálò". Ó gùn, mo mọ̀. Ẹnu àwọn àgbẹ̀ ni yóò gé e kúrú.

Ní ti "aṣoore", ẹ wo agbọ́n kékeré tí àwọn IITA, ilé ìwádìí àgbáyé fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kó wá láti Éṣíà, Therophilus javanus. Ńṣe ló ń yé ẹyin sínú ara ọmọ Maruca, tí ọmọ tirẹ̀ á sì jẹ ẹ́ pa. Oore wo nìyẹn lójú Maruca? "Kòkòrò ọ̀rẹ́ àgbẹ̀" sọ ẹni tó ń jàǹfààní, òun ni mo mú.

Ó wá ku "ń pa". Májèlé ń pa kòkòrò, ebi náà ń pa á, ọ̀nà méjèèjì kò sì jọra rárá. Purotéènì Cry, èyí tí jíìnì àyálò yẹn ń mú jáde, gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìfun kòkòrò kó tó lè ṣe é níbi. Irú èyí tó wà nínú ẹ̀wà yìí bá ìfun ọmọ labalábá àti ti afòpiná mu, kò bá ti oyin mu. Ní 1999, onímọ̀ kòkòrò John Losey àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bu lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo Bt sórí ewé milkweed (koríko kan tó ń hù lóko níbẹ̀), wọ́n fi bọ́ ọmọ labalábá monarch nínú ilé àyẹ̀wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó kú. Májèlé nìyẹn, ariwo sì ta káyé. Ní 2001, àwọn tó lọ wò ó nínú oko rí i pé lẹ́búlẹ́bú tó ń balẹ̀ sórí ewé kò pọ̀ tó láti ṣe wọ́n ní jàǹbá gidi, àfi ti irú àgbàdo kan tí wọ́n ti ń kó kúrò lọ́jà nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà kan náà, àgbàdo àti sóyà alábùdá-àyálò tí oògùn apakoríko kì í pa gbòde. Wọ́n ń fín oògùn, milkweed ń tán lóko, ọmọ monarch kò sì ní oúnjẹ mìíràn láyé. Ebi nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àbájáde ìdánwò tí wọ́n gbé jáde ní 2003 fi ohun kan náà hàn nínú oko bíìtì (irúgbìn tí wọ́n ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ṣúgà) tí oògùn apakoríko kì í pa: koríko dín kù, oyin àti labalábá náà dín kù.

Ní Ṣáínà ńkọ́? Òwú Bt mú kí wọ́n dín fífín oògùn apakòkòrò kù, ìwádìí 2012 sì fi hàn pé aláǹtakùn (tí kì í tilẹ̀ ṣe kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà) àtàwọn kòkòrò tó ń jẹ kòkòrò ẹgbẹ́ wọn pọ̀ sí i. Níbo ni "ń pa" wà níbẹ̀?

Agbọ́n Bẹ̀nẹ̀ yẹn náà, Cry lè má fọwọ́ kàn án. Bí Maruca bá tán lóko, kí ni yóò yé ẹyin sí?

Gbólóhùn tí mo fi rọ́pò nìyí: "Irúgbìn alábùdá-àyálò lè fi májèlé pa kòkòrò ọ̀rẹ́ àgbẹ̀, ó lè fi ebi pa á, ó sì lè gbà á lọ́wọ́ oògùn." Ibi tí mo ti ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín ni irúgbìn tí wọ́n kàn gé jíìnì tirẹ̀, tí wọn kò yá nǹkan kan. "Àyálò" kò bá ìyẹn mu. "Alátùnúnṣe-àbùdá" ni mo fi lélẹ̀ fún un ná, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.