Jíọ́gíráfì JAMB àti WAEC: ìṣirò aago, scale máàpù àti ìbéèrè "kí ló fà á"

ỌmọYábàá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Jíọ́gíráfì wà lára iṣẹ́ mẹ́rin tí mo fẹ́ fi ṣe JAMB, mo sì máa kọ ọ́ ní WAEC pẹ̀lú. Orúkọ odò, òkè àti olú-ìlú kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu. Ibi tó ti ń dojú rú ni ìṣirò aago láti ìlú kan sí òmíràn, scale máàpù, àti àwọn ìbéèrè "kí ló fà á" nípa etíkun àti òjò. Bí wọ́n bá ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ló lù ní 45° ìlà oòrùn, aago mélòó ló lù ní 30° ìwọ̀ oòrùn, ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń jọ òótọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń tò ó? Kí sì ni kí n há sórí, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Tíṣà_Ṣúrùlérè

Àbúrò, kò lè ṣe kí wọ́n má jọ òótọ́. Ẹni tó ń ṣe ìbéèrè mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì í sí, àṣìṣe yẹn gan-an ló ń tò sí A dé D. Wo èyí tó o mú wá yìí.

Ayé ń yí 360° ní wákàtí 24. Ìyẹn jẹ́ 15° fún wákàtí kan, tàbí ìṣẹ́jú 4 fún 1°. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ìlú méjèèjì wà sí Greenwich, ìyẹn ìlà 0°. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà, yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Bí ọ̀kan bá wà ní ìlà oòrùn tí èkejì wà ní ìwọ̀ oòrùn, pa wọ́n pọ̀: 45 + 30 = 75. Pín in sí 15, wákàtí 5 nìyẹn. Lẹ́yìn náà lo tó máa ronú bóyá kó o yọ ọ́ tàbí kó o fi kún un. Ìlà oòrùn ló ń kọ́kọ́ rí oòrùn, aago tiwọn ló wà níwájú, nítorí náà ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn á yọ. Mẹ́wàá yọ márùn-ún, aago márùn-ún ìdájí.

Wá wo àwọn tó ṣì í. Ẹni tó yọ 30 kúrò nínú 45 á rí wákàtí kan péré, á mú aago mẹ́sàn-án. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó tún wá fi kún un á mú mọ́kànlá. Ẹni tó rí wákàtí 5 àmọ́ tó fi kún un á mú aago mẹ́ta ọ̀sán. Àṣàyàn mẹ́rin pé, gbogbo wọn ló ní ìyá.

Ohun mìíràn tó ń ṣì wọ́n lọ́nà ni aago oòrùn àti aago ìjọba. Èkó wà ní nǹkan bíi 3°24′ ìlà oòrùn. Bá a bá fi oòrùn ṣèrò, ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 36 péré la fi ṣíwájú Greenwich. Àmọ́ aago ọwọ́ wa fi odindi wákàtí kan ṣíwájú, nítorí aago 15° ìlà oòrùn ni Nàìjíríà ń lò. Ìdí nìyẹn tí oòrùn kì í fi í dé àárín ọ̀run l'Ékòó ní aago méjìlá géérégé. Bá a bá wo gbogbo ọdún pọ̀, ó máa ń tó méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 46. Bí ìbéèrè bá sọ pé "local time", fi lọ́ńgítúùdù ìlú náà ṣe é. Bó bá sọ pé "standard time", fi ti àgbègbè aago ṣe é. Má dà wọ́n pọ̀.

ÀkànníMáàpù

Tíṣà ti mú ti aago, ẹ jẹ́ kí n mú ti scale.

1:50,000 túmọ̀ sí pé 1 cm lórí ìwé jẹ́ 50,000 cm lórí ilẹ̀. 100,000 cm ló wà nínú 1 km, nítorí náà 1 cm jẹ́ ìdajì km, 2 cm jẹ́ 1 km. Afárá Third Mainland gùn tó 11.8 km, lórí máàpù yìí, 23.6 cm ni yóò gbà. Àmọ́ bó o bá gbé rúlà lé e láti Adéníjì dé Ọ̀wọ́rọ̀, kò ní pé bẹ́ẹ̀, torí afárá yẹn ń yà lọ́nà. Bí wọ́n bá fún ọ ní máàpù orí ìwé, wá bébà tí etí rẹ̀ gún. Gbé etí náà lé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, sàmì sí i, tẹ̀ lé ọ̀nà títí dé ibi tó ti kọ́kọ́ yà, fi orí pẹ́ńsù tẹ bébà mọ́ ibẹ̀, yí bébà síbi tí ọ̀nà kọjú sí, kó o sì máa bá a lọ. Níkẹyìn, gbé bébà náà lé ìlà scale tó wà nísàlẹ̀ máàpù. Okùn ìránṣọ náà dára, àmọ́ bó o bá fà á jù á gùn sí i, ìdáhùn rẹ á sì lé.

Ibi tí wọ́n ti ń jábọ́ jù ni ìwọ̀n ilẹ̀. Lórí 1:50,000, 2 cm jẹ́ 1 km, àmọ́ 4 cm² ló jẹ́ 1 km², torí 2 × 2 ni. Adágún tó gba 12 cm² jẹ́ 3 km². Bó o bá kọ 6, scale gígùn lo lò fún ilẹ̀, 6 yẹn á sì wà níbẹ̀ tí yóò máa dúró dè ọ́.

Ti gradient, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó: ìyàtọ̀ gíga ni kó o pín sí jíjìn orí ilẹ̀, kí méjèèjì wà ní ìwọ̀n kan náà. Ká ní contour (ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀) 200 m ni ìsàlẹ̀, 350 m ni òkè, tí 6 cm sì wà láàrin wọn lórí máàpù. Gíga jẹ́ 150 m. 6 cm jẹ́ 3 km, ìyẹn 3,000 m. 150 sí 3,000 jẹ́ 1:20. Ẹni tó fi 3 sílẹ̀ láìsọ ọ́ di mítà á ní 50:1, òkè tí ewúrẹ́ pàápàá ò lè gùn.

Kékeré kan sí i: bí wọ́n bá fẹ máàpù 1:50,000 lójú méjì, ó di 1:25,000, kì í ṣe 1:100,000.

ỌmọYábàá

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ti etíkun ńkọ́? Ìwé ń sọ longshore drift, mo lè kà á lórí, àmọ́ bí wọ́n bá yí ìbéèrè padà, mi ò mọ apá ibi tí yanrìn máa kó jọ sí.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Tìrẹ wà nílẹ̀ yìí, o ò nílò àwòrán ìlú òyìnbó.

Láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì òkun ti ń wá bá wa. Nítorí pé kò kọjú sí etíkun gan-an, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gbá a. Bí omi bá ń gòkè, á gbé yanrìn lọ ní ẹ̀gbẹ́. Bó bá ń padà, ìdagẹ̀rẹ̀ etíkun á fà á wálẹ̀ tààrà. Ìgbì tó tẹ̀ lé e á tún gbé e lọ ní ẹ̀gbẹ́. Yanrìn á máa rin wọ́gọwọ̀gọ bẹ́ẹ̀, láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Yanrìn yìí náà ló máa ń dí ẹnu ọ̀sà tẹ́lẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè wọlé ní fàlàlà.

Láàrin 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kó òkúta sínú òkun lẹ́nu ọ̀sà, àwọn ògiri gígùn tí à ń pè ní mole, kí ọ̀nà ọkọ̀ lè jìn. Ọkọ̀ wọlé lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà yanrìn dí. Ìgbì gbé yanrìn dé ara mole apá ìwọ̀ oòrùn, ó jù ú síbẹ̀, etíkun Lighthouse ń fẹ̀ sí i. Ní apá ìlà oòrùn, ní Bar Beach, ìgbì ṣì ní agbára kan náà ṣùgbọ́n kò sí yanrìn tuntun tó ń gbà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ti Victoria Island lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n da yanrìn padà síbẹ̀, òkun sì ń kó o lọ, kó tó wá di pé wọ́n fi ògiri òkúta Eko Atlantic dí i. Ẹ kíyè sí i pé ògiri kì í ṣẹ̀dá yanrìn. Níbi tí ògiri bá parí sí lápá ìlà oòrùn, ibẹ̀ ni ìyà á kàn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ya groyne (ògiri kékeré tí wọ́n kọ́ láti etíkun wọ inú òkun) fún ọ pẹ̀lú ọfà ìgbì, má wá orúkọ. Wo ibi tí yanrìn ti ń bọ̀: ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa kó jọ sí, ẹ̀gbẹ́ kejì ló máa jẹrà.

Ti òjò, August break ni wọ́n fẹ́ràn, ìyẹn bí òjò ṣe máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní gúúsù ní August. Afẹ́fẹ́ olómi láti òkun àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ máa ń pàdé ní ibi kan tó ń bá oòrùn lọ sókè sódò, ìyẹn ITD (Inter-Tropical Discontinuity). Ní January ó sún mọ́ etíkun wa, ọyẹ́ sì dé. Ní August ó ti lọ dé nǹkan bí 20° àríwá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ abẹ́ ITD gan-an kọ́ ni òjò ti ń pọ̀ jù. Gúúsù rẹ̀ ni, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sẹ́yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ olómi ti nípọn. Ní August, agbègbè òjò yẹn ti kọjá wa lọ sókè. Omi òkun etí wa sì tutù lásìkò náà torí omi tútù ń ru wá láti ìsàlẹ̀, èyí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ó gbéra. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń padà bọ̀, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán òjò Èkó fi ní ṣóńṣó méjì, ní June àti ní September sí October, tí ti Kano sì ní ẹyọ kan, ní August. Bí o bá rí ṣóńṣó méjì, gúúsù ni.

Tíṣà_Ṣúrùlérè

Mo padà wá torí o béèrè ohun tí o máa há. Díẹ̀ ni, àmọ́ há a pẹ̀lú pàkúté inú rẹ̀.

Equator gba orí ilẹ̀ Gabon, Congo méjèèjì, Uganda, Kenya àti Somalia, títí kan São Tomé and Príncipe. Kò gba orí ilẹ̀ Equatorial Guinea, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ń pariwo: ìlà náà gba orí omi láàrin erékùṣù Annobón àti ilẹ̀ tó kù. Odò Congo kọjá Equator lẹ́ẹ̀mejì. Kilimanjaro, 5,895 m, Tanzania ló wà, kì í ṣe Kenya. Ọ̀nà omi Suez tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1869, kò ní ìlẹ̀kùn omi torí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ti Panama, tí wọ́n ṣí ní 1914, ní in torí adágún Gatun ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi 26 m.

Má há orúkọ aṣálẹ̀ lọ́tọ̀ àti orúkọ ìṣàn omi tútù lọ́tọ̀, so wọ́n pọ̀: Benguela pẹ̀lú Namib, Humboldt pẹ̀lú Atacama, Canary pẹ̀lú etí Sahara. Ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ ni gbogbo wọn.

Bó bá sì jẹ́ ti ooru, 6.5°C ló ń dín fún 1,000 m kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 27°C létí òkun, ìlú tó ga tó 1,200 m bíi Jos á jẹ́ 19.2°C.

Ìbéèrè 180 ni JAMB fi ń gba wákàtí méjì, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò aago á gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kọ́kọ́ dáhùn àwọn tí kò ní ìṣirò, kó o padà wá. Ṣe èyí ká rí i: aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé ní 15° ìlà oòrùn. Kí ni aago ní 120° ìwọ̀ oòrùn?

ỌmọYábàá

15 + 120 = 135°. Ó jẹ́ wákàtí 9. Mẹ́fà àárọ̀ yọ mẹ́sàn-án… aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọjọ́ Ajé?

ÀkànníMáàpù

Ọjọ́ Àìkú. O ti kọjá òru sẹ́yìn, ọjọ́ gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn pẹ̀lú aago. Àwọn tó kọ "aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé" pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé yóò wà nínú àṣàyàn. Ìlà 180°, ibi tí ọjọ́ ti ń yí padà, ní òfin tirẹ̀: bó o bá ti Éṣíà kọjá a lọ sí Amẹ́ríkà, ọjọ́ kan á tún ara rẹ̀ ṣe, bó o bá ti Amẹ́ríkà kọjá a lọ sí Éṣíà, o fo ọjọ́ kan. Samoa yí ẹ̀gbẹ́ padà ní 2011, wọn ò rí 30 December ọdún yẹn rárá.