Ṣé ọ̀tẹ̀ ni kí ọmọ ìjọ béèrè ìṣírò owó lọ́wọ́ Fàdá?

Ìyá Ìbejì, apá Kétu
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ó pẹ́ tí a ti ń dáwó òrùlé ilé ìjọsìn wa. Àwọn ìyá tó ń ta gàrí dá, àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu àti Èkó fi ránṣẹ́. Títí di òní, páànù kan ò gun orí ilé. Nígbà tí ìkùnsínú pọ̀ lẹ́yìn Máàsì, àwa díẹ̀ kó ara wa jọ, a kọ lẹ́tà sí Fàdá: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sí wa létí, kí ìjọ sì fúnra rẹ̀ dìbò yan ìgbìmọ̀, kí obìnrin wà níbẹ̀.

Wọn ò fèsì. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ nínú ìwàásù pé àwọn kan ń dìtẹ̀ mọ́ Ìjọ Ọlọ́run. Wọn ò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló yí sí mi.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ti gbaná jẹ. Wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí "Kátólíìkì" wà nínú orúkọ rẹ̀, kí a sì gba orí rédíò lọ. Ọkọ mi ní bí mo bá bá wọn lọ, ta ni yóò sin òun bí òun bá kú? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Kàtékíísì, Pọ́bẹ̀
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, mi ò rí ibi tí àgùntàn ti ń bi olùṣọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ lọ bẹ Fàdá.

Ọmọ Aláṣọ Funfun
Ẹ bọ́ bàtà sílẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Sẹ̀lẹ́ 😀

Sista Akọrin, Àjàṣẹ́
Ṣé ní Sẹ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń ka owó síta? Ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀ o jàre.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́
Bàbá Kàtékíísì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìwé òfin Ìjọ tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní 1983 kò gbè yín. Òfin 212 ní ọmọ ìjọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò rẹ̀ fún àwọn olùṣọ́ lórí ohun tó kan ire Ìjọ, pé nígbà mìíràn ó tilẹ̀ di ojúṣe rẹ̀, bó bá ti lè fọ̀wọ̀ sọ ọ́. Òfin 537 ní ìjọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ owó, yálà Fàdá fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́. Òfin 1267 ní owó tí a dá nítorí ohun kan, ohun yẹn nìkan la lè fi ṣe. Òfin 1287 sì ní kí àwọn tó ń tọ́jú ohun ìní Ìjọ jíhìn fún àwọn tó dá a.

Ti ọkọ yín, ẹ kí wọn fún mi. Òfin 1184 ló to àwọn tí a kì í fi ìlànà Ìjọ sin. Ẹni tó béèrè owó páànù kò sí níbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ yín ni mo fẹ́ bá wí. Òfin 215 gbà kí ẹ dẹ́gbẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin 300 ní ẹgbẹ́ kankan ò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní Kátólíìkì láìgbàṣẹ. Bí ẹ bá fi sí i, orúkọ yẹn ni wọ́n á fi mú yín, ọ̀rọ̀ òrùlé á sì wọmi. Ti ìdìbò náà, ẹ rọra. Òfin 536 fi ìgbìmọ̀ ìjọ, tó yàtọ̀ sí ti owó, sábẹ́ ìpinnu Bíṣọ́ọ̀bù, ìmọ̀ràn lásán ló sì ń dá. Sínódù, ìpàdé ńlá àwọn Bíṣọ́ọ̀bù, tó parí ní Róòmù ní oṣù Kẹwàá 2024 ti ní kí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ di dandan o, ẹ lè tọ́ka sí ìyẹn.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Jámánì
Bàbá Tíṣà, òfin dáa, ta ló máa mú Fàdá tẹ̀ lé e? Níbí, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Wir sind Kirche, ìyẹn "Àwa ni Ìjọ". Austria ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995, lẹ́yìn ẹ̀sùn ìbọmọdéjẹ́ tí wọ́n fi kan Kádínà Groër níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ lásán ló gbé ìwé kiri, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló buwọ́ lù ú ní Austria nìkan. Ní Boston ní 2002, ẹgbẹ́ ọmọ ìjọ kan, Voice of the Faithful, ṣe irú rẹ̀ nígbà tí àṣírí àwọn àlùfáà tó ń ba ọmọdé jẹ́ tú. Ẹ gba rédíò lọ!

Sista Akọrin, Àjàṣẹ́
Àbúrò, kí ni wọ́n rí gbà? Ní Austria, wọ́n ní kí obìnrin lè di àlùfáà, kí àlùfáà lè gbéyàwó bó bá wù ú. Róòmù kò tí ì gbà títí di òní. Ti Boston, òótọ́ ni pé Kádínà Law, olórí Ìjọ níbẹ̀, fipò sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2002, ṣùgbọ́n ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ẹ̀rí ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Ìbejì ò tíì ní ju ìkùnsínú lọ.

Mà mí, ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Kí àwọn ọmọ yín wá rísíìtì MoMo tí wọ́n fi fowó ránṣẹ́. Ẹ ro ó pọ̀. Bí ẹ bá ti mọ iye tó ti ọwọ́ yín jáde, ẹ̀yin kọ́ ni ọ̀rọ̀ máa há sí lẹ́nu. Ẹ kọ lẹ́tà kejì sí Fàdá, ẹ dá ọjọ́ fún èsì. Bí kò bá sí èsì, ẹ kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù ní Àjàṣẹ́ níbí, ní Faransé, ẹ so ti Yorùbá mọ́ ọn. Owó òrùlé nìkan ni kí ẹ bá a sọ. Ti ìgbìmọ̀ lè dúró.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́
Sista ti sọ ọ́. Ẹ rántí oṣù Kejì 1990, Àpérò Gbogbogbòò ní Kútọnu: Monsẹ́nyọ̀ Isidore de Souza ló darí rẹ̀, níbi tí ará ìlú ti bi ìjọba Ààrẹ Kérékou léèrè. Bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ló jókòó lórí àga yẹn. Ẹ fi sínú lẹ́tà.

Ìyá Ìbejì, apá Kétu
Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti rí ìwé àkọsílẹ̀ náà, ìka àti orúkọ oníkálùkù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kan ò fẹ́ buwọ́ lu lẹ́tà, ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìwé ìjọ, ẹ̀rù ń bà á.

Sista Akọrin, Àjàṣẹ́
Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ nìkan ni kó buwọ́ lù ú, ẹ má sì lo orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá.

Bàbá Kàtékíísì, Pọ́bẹ̀
Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kọ́kọ́ fi hàn mí. Bí a ṣe ń kí Bíṣọ́ọ̀bù nínú lẹ́tà, ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ọ́n. Mi ò ní buwọ́ lù ú o.