Rọ́bà ìjẹun wà nímú ọmọ mi: báwo ni kí n ṣe fi ìlò rẹ̀ han ìyá ọkọ mi?

Ìyá Ọmọ, Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa, nítorí náà ni wọ́n ṣe ti rọ́bà gba imú rẹ̀ wọ inú ikùn kí a tó kúrò nílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi ìlò rẹ̀ hàn mí, nígbà tí mo gbé ọmọ lọ́wọ́ kan tí mo sì ń ka owó oògùn lọ́wọ́ kejì. Mo kàn ń mi orí ni. Láti ọjọ́ Ajé, màmá ọkọ mi ni yóò máa dúró tì í bí mo bá lọ sí ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba. Lánàá, ẹ̀kọ kò tètè wọlé, ni màmá bá fi ọ̀pá sírínjì tì í, ọmọ sì wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Màmá ní ṣíbí ló dára jù. N kò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń kọ́ àgbà ní ọmọ títọ́. Báwo ni a sì ṣe ń mọ̀ pé rọ́bà náà kò tíì kúrò nínú ikùn?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Òkè-Báálẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá ọmọ. Ìbéèrè tí ẹ fi kẹ́yìn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Àmì gbọ́dọ̀ wà lára rọ́bà náà níbi ihò imú gan-an. Kí oúnjẹ tó wọlé nígbàkígbà, ẹ wò ó bóyá ó ti sún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sírínjì fa omi díẹ̀ jáde, kí ẹ kán an sórí bébà pH, tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà: bí ó bá fi 5.5 hàn tàbí tó kéré sí i, omi ikùn ni. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fún un ní ohunkóhun, títí kan omi. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí ẹ tún un fà láìpẹ́, bí kò bá sì yàtọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwa nọ́ọ̀sì àtijọ́ máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà, a ó sì fi etí gbọ́ ọ lára ikùn. Ẹ má ṣe é. Èyí tó ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dún bákan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, ẹ yọ ọ̀pá sírínjì kúrò pátápátá, ẹ gbé sírínjì fúnra rẹ̀ sókè díẹ̀, kí oúnjẹ inú rẹ̀ máa ṣàn lọ láìsí pé ẹ tì í. Orí àti àyà ọmọ gbọ́dọ̀ ga, títí di ó kéré tán ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ó bá ń wúkọ́ tàbí tí mímí rẹ̀ yí padà, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ní ti ṣíbí, ó di ìgbà tí dókítà bá yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò.

Bàbá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ̀kọ tó ki tàbí tó ní kókó ni ọ̀tá rọ́bà. Ó dí tiwa lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀wẹ̀, bí ẹ bá là á kó lè ṣàn, omi ni ọmọ ń yó, kò ní sanra, nítorí náà ẹ béèrè ohun tí ẹ ó fi kún un lọ́wọ́ onímọ̀ oúnjẹ. Ẹ fi omi sísè tó ti tutù ṣan rọ́bà lẹ́yìn oúnjẹ àti lẹ́yìn oògùn, ní ìwọ̀n tí wọ́n bá sọ fún yín.

Ìyá Àgbà, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ìyá ọkọ ni èmi náà. Àwa la fi ọwọ́ rọ àwọn ọkọ yín lẹ́kọ, ọwọ́ wa ti mọ́ kí á máa tì í. Ìyàwó mi kò bá mi jiyàn, ó mú mi lọ bá nọ́ọ̀sì, ó ní, “Màmá ni yóò máa ṣe é, ẹ kọ́ wọn.” Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ kalẹ̀, ó ní kí n máa da omi gba inú rọ́bà sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ. Ẹ tún fi ẹnu fífọ̀ lé màmá lọ́wọ́, nítorí ẹnu tí kò jẹun náà ń dọ̀tí.

Ìyá Ọmọ, Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọjọ́bọ̀ ni a ó jọ lọ. Màmá ti ń wá aṣọ tí wọn yóò wọ̀.