Ìbéèrè: Kí lèèyàn ń ṣe kó tó kúrò nílé iṣẹ́ software ńlá?

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí mo ti ń kọ kóòdù nílé iṣẹ́ software ńlá kan ní VI, mo sì fẹ́ kọ lẹ́tà pé mò ń lọ. Kí ló yẹ kí n ti ṣe sílẹ̀? Tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀, n kì í mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún bá mi sọ ti ṣíà, ìyẹn ìpín tí wọ́n fún mi nínú ilé iṣẹ́, àti pẹ́ńṣọ̀n.

Ayọ̀ Agric: Wá flash ńlá kan, kó gbogbo kóòdù ẹ sí i. Ṣebí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni.

Baba Kóòdù: Àbúrò, má dán an wò! Kóòdù téèyàn kọ lẹ́nu iṣẹ́, ti ẹni tó ń sanwó oṣù ni. Ó wà nínú ìwé tó o fọwọ́ sí. Kọ̀ǹpútà irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ta wọ́n lólobó tí flash bá wọlé, tàbí tó o bá fi fáìlì ránṣẹ́ sí ímeèlì ara ẹ. Wọ́n lè lé ẹ kó o tó kọ lẹ́tà rárá.

Ohun tó o lè gbé lọ ni ìtàn iṣẹ́ náà, lọ́rọ̀ ara ẹ, nínú ìwé tìẹ. Kọ ọ́ kó o tó fi lẹ́tà sílẹ̀, torí wọ́n lè ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Ka àyẹ̀wò tí ọ̀gá ń kọ nípa iṣẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà, nínú git, ìyẹn ibi tí àkọsílẹ̀ àyípadà kóòdù wà, àṣẹ `git log --reverse --author=` pẹ̀lú orúkọ ẹ á to iṣẹ́ ẹ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mú bíi mẹ́fà péré. Níbi kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tó ń dààmú wọn, ohun tí ìwọ gan-an ṣe, àti ohun tó yí padà. "Mo ṣiṣẹ́ lórí ìsanwó" ò sọ nǹkan kan. "Ojú ewé ìsanwó ń falẹ̀ torí pé ó ń bi database ní ìbéèrè kan náà nígbà ogójì, mo sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan, àkókò ẹ̀ sì dín sí ìdajì" lẹni tó fẹ́ gbà ẹ́ á fẹ́ gbọ́ síwájú sí i. Má kọ orúkọ oníbàárà tàbí iye owó tó ń wọlé. Ìdá tó dín tàbí tó lé ti tó.

Má fo iṣẹ́ tí wọ́n pa tì o. Nílé iṣẹ́ ńlá, ọ̀pọ̀ nǹkan kì í jáde síta, ìdí tí wọ́n fi pa á tì ló sì ń fi ọgbọ́n orí èèyàn hàn. Irinṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ṣe fún ìlò ara ẹ̀ ńkọ́? Sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, torí ará ìta ò mọ orúkọ ẹ̀. Borg ni Google ń lò nínú ilé láti pín iṣẹ́ fáwọn kọ̀ǹpútà ẹ̀, àmọ́ Kubernetes tí wọ́n gbé síta ní 2014 lèèyàn mọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wo iye ọ̀sẹ̀ tí ìwé ìgbàsíṣẹ́ yín ní kẹ́ ẹ fi sọ tẹ́lẹ̀. Òfin iṣẹ́ wa ní ọ̀sẹ̀ méjì fẹ́ni tó ti lo ọdún 2 tí ò tíì pé 5, oṣù kan fún ọdún 5 sókè; ìwé yín lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ṣíà, èyí tí ò bá tíì vest, ìyẹn tí ò tíì di tiyín pátápátá, máa ń padà sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló máa vest, kí lẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ lọ ní Ọjọ́rú? Ẹ fi ímeèlì tara yín sí àkáǹtì tí ṣíà wà. Tí ti ilé iṣẹ́ bá ti kú, nọ́ńbà ìwọlé ò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ yẹ W-8BEN wò, ìyẹn fọ́ọ̀mù owó orí tó ń fi hàn pé ẹ kì í ṣe ará Amẹ́ríkà: èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ní 2024 á kú ní òpin 2027. Láìsí i, wọ́n lè yọ 24% fún owó orí nígbà tẹ́ ẹ bá ta ṣíà náà.

Pẹ́ńṣọ̀n ò le. Nọ́ńbà RSA yín, ìyẹn àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n yín, kan náà lẹ máa gbé lọ. Ẹ kàn rí i pé 8% tiyín àti 10% tiwọn wọlé títí dé oṣù tó kẹ́yìn. Ẹni tí ò tíì pé 50 tí ò sì ríṣẹ́ lẹ́yìn oṣù 4 lè béèrè tó 25% owó inú ẹ̀.

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ ṣé gan-an. Ímeèlì iṣẹ́ wà lórí fóònù mi náà.

Baba Kóòdù: Yọ ọ́ fúnra ẹ, pẹ̀lú work profile, ìyẹn apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ lórí fóònù. Tó bá jẹ́ pé gbogbo fóònù lo fi sábẹ́ wọn, wọ́n lè nù ún mọ́ láti òkèèrè, fọ́tò ọmọ ẹ náà á bá a lọ. Kọ́kọ́ kó fọ́tò pa mọ́.

Ayọ̀ Agric: Ó dáa, mo gbà fún yín. Tó o bá ń dá kọ̀ǹpútà padà sí VI, wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, kó o fi náílọ́ọ̀nù méjì wé e.

Ìyá Ìbejì: Kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ síwèé tí nọ́ńbà yẹn wà nínú ẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ síkọ́ríìtì o.