Kọ́kọ́rọ́ tí mo rò pé mo ti fi pamọ́

Ẹ̀yin ará, ilé iṣẹ́ kékeré kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, òǹlò 12 la sì ní nínú IAM, ibi tí AWS (iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àyálò ti Amazon) ti ń ṣètò ẹni tó lè wọlé. Nítorí pé gbogbo nǹkan wa yòókù ti wà nínú kóòdù Terraform, irinṣẹ́ tó ń fi kóòdù dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, mo kọ aws_iam_access_key, tó ń dá kọ́kọ́rọ́ ìwọlé, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo sì fi sensitive = true sí output rẹ̀ (èsì tó ń gbé jáde) kí àṣírí kọ́kọ́rọ́ náà má bàa hàn lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo rí i pé kò hàn lóòótọ́, ọkàn mi balẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tí mo ń wá àṣìṣe mìíràn kiri, mo ṣí fáìlì state, ibi tí Terraform ń kọ gbogbo ohun tó ti dá sí, mo sì bá àṣírí àwọn òǹlò méjèèjìlá níbẹ̀ gbangba bí ohun tí a kọ sára ògiri. Àṣé ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni sensitive ń bò, kò kan ohun tí Terraform ń kọ sínú state. Mo ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Inú S3, ibi ìkó-fáìlì-sí ti AWS, ni fáìlì náà wà, gbogbo wa tí a ń kọ kóòdù la sì lè kà á. Èyí tó tún já mi láyà ni pé a ti tan versioning, tó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́, sí i, tó fi jẹ́ pé bí mo bá pa ti òní rẹ́, ti àná àti ti ìjẹta ṣì wà nílẹ̀.

A ní láti pààrọ̀ gbogbo wọn. AWS kì í jẹ́ kí òǹlò kan ní ju kọ́kọ́rọ́ 2 lọ, àwọn kan sì ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe èkejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà a kọ́kọ́ ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ̀kan. Lẹ́yìn tí a ṣe tuntun, a yí status ti àtijọ́ sí Inactive, a kò pa á rẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn, nítorí iṣẹ́ kan tó máa ń ṣiṣẹ́ ní ìparí oṣù nìkan, tí a ti rò pé kò sí ẹni tó ń lo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́, dúró gbagidi. A dá a padà sí Active, a tún iṣẹ́ náà ṣe, a sì tún yí kọ́kọ́rọ́ náà sí Inactive.

Ní báyìí, GitHub Actions wa, tó ń bá wa ṣe iṣẹ́ kóòdù fúnra rẹ̀, ń gba àyè wọlé nípasẹ̀ OIDC, ìlànà tó ń fún un ní àyè fún ìgbà díẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́ ayérayé kankan.

*

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Pgp_key, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ PGP ti òǹlò di àṣírí, ni èmi yàn ní tèmi, kí àṣírí lè wà nínú state ní dídì, kí ó sì jẹ́ pé òǹlò fúnra rẹ̀ nìkan ni yóò lè tú u. Ohun tí n kò kíyè sí ni pé bí a bá fi pgp_key kún kọ́kọ́rọ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀, Terraform yóò pa á rẹ́, yóò sì dá òmíràn. Plan, tí Terraform fi ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, sọ ọ́ kedere. Èmi ni mo kánjú tẹ yes. Ètò wa dúró títí mo fi fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ránṣẹ́ sí òǹlò náà.